Bàbá ọmọ kọ̀, kò fẹ́ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Wọ́n mú Àdùkẹ́ fún ètò pàṣípààrọ̀ àṣà: ọdún kan lọ́dọ̀ ẹbí kan ní Amẹ́ríkà, yóò máa lọ sílé ìwé níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní òun ò buwọ́ lù ú. Ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ mi wá, kíkọ̀ ni. Ìgbà tí mo fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù ní Ìgbọ̀nà, ó kọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò rówó ìwé fún ọmọ kankan rí ló ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Mo sì ti ra aṣọ òtútù. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá wa. Ọmọ ọdún mélòó ni? Ta ló ń sanwó?

Alhaja Sábó: Ẹ jẹ́ kó lọ jàre! Ọmọ àbúrò mi lọ sí Jámánì. Wọ́n ń bi í léèrè bí a ṣe ń ṣe àdìrẹ, kò mọ̀ ọ́n, ojú tì í. Ìgbà tó dé ló lọ kọ́ aró rírẹ. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò báyìí.

Tísà Òkè-Fìà: Ṣé Òṣogbo ni kò ní mọ èrè irú èyí? Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria, dé Nàìjíríà ní 1950, ìlú wa níbí ló kú sí ní 2009. Iṣẹ́ ọwọ́ òun àtàwọn oníṣẹ́ ọnà wa wà nínú Igbó Ọ̀ṣun tó wọ ìwé ogún àgbáyé UNESCO ní 2005. Dúró Ládiípọ̀ náà gbé eré lọ sí Berlin ní 1964, ó sì padà wálé.

Bàbá Ìbejì: Tísà, ìtàn kọ́ ni wọ́n béèrè. Ọmọ ọdún mélòó?

Ìyá Àdùkẹ́: Ọdún 16, SS2. Ìjọba Amẹ́ríkà ló ń san gbogbo rẹ̀, kọ́bọ̀ ò jáde lápò wa. Ẹ wá wo ìwà bàbá yìí!

Ìyá Sádé: Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ní ó fà á gan-an?

Ìyá Àdùkẹ́: Ó gbọ́ ohun tí mo ń bá àbúrò mi tó wà ní Houston sọ lórí fóònù. A ní tí ọdún bá pé, kí ọmọ má wulẹ̀ padà, kó bọ́ sọ́dọ̀ àbúrò mi. Ìyá wo ni kò fẹ́ ire fọ́mọ rẹ̀?

Alhaja Sábó: Háà! Ẹ ò kọ́kọ́ sọ èyí. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Tísà Òkè-Fìà: Físà J-1, ìyẹn físà ètò pàṣípààrọ̀, ni wọ́n ń fún irú wọn. Tí ìjọba bá sanwó, ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbélé fọ́dún 2 kó tó lè gba ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà, àfi tí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀. Ọmọ ọdún 17 tí kò ní ìwé, báwo ni yóò ṣe gbé ayé ibẹ̀? Àwọn ọmọ Òṣogbo tó fẹ́ lọ lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́?

Bàbá Ìbejì: Bàbá ọmọ ò jẹ̀bi. Kí ni Àdùkẹ́ fúnra rẹ̀ sọ?

Ìyá Àdùkẹ́: Ó ní òun máa padà wá ṣe WAEC pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ òun. Mo rò pé ọmọdé ló ń ṣe é.

Ìyá Sádé: Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ gba fọ́ọ̀mù náà?

Ìyá Àdùkẹ́: Ọjọ́ Ẹtì yìí ni. Màá bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lálẹ́. Ṣùgbọ́n n kò ní lọ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ o, kẹ́nikẹ́ni má sọ pé kí n lọ.