Wọ́n ní kí màmá mi ka ọmọ tó bí: ṣé ká gbà fún wọn?

Aránṣọ Kubwa

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, kó dá mi lóhùn kó tó di Ọjọ́bọ̀, torí ọjọ́ náà ni wọ́n ń padà bọ̀.

Ọ̀dọ̀ mi ní Kubwa ni màmá mi ń gbé láti ìgbà tí bàbá wa ti kú ní Jos. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn méjèèjì, aṣọ ni wọ́n ń tà ní Jos kí n tó dáyé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé wá, wọ́n fi káàdì hàn wá pé yunifásítì ló rán àwọn. Ìwádìí lórí ìlera àwọn àgbà ni wọ́n ń ṣe, àti bí ẹbí ṣe ń tọ́jú wọn. Wọ́n ní ṣe ni àwọn ṣẹ́ kèké tí ilé wa fi bọ́ sí i, àti pé bí a bá gbà, ọdún méjì-méjì ni àwọn yóò máa wá wo màmá.

Ọmọbìnrin yẹn mọ̀wà hù. Ó kúnlẹ̀ kí màmá, Yorùbá Ìlọrin ló ń sọ. Ó béèrè ọjọ́ orí, màmá ní òun kò mọ̀ ọ́n. Kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ìyá, nígbà tí mọ́tò kúrò lápá òsì tó bọ́ sí ọ̀tún, ṣé ẹ ti bímọ?” Màmá ní oyún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wà nínú òun. “Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ pọ́n-ùn sí náírà ńkọ́?” Ó ní ọmọ náà ti wà lẹ́yìn òun. Ó wá béèrè nípa ilé ìwé ọ̀fẹ́ ọdún 1955. Ojú màmá là! Ó ní òun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé wọ́n ní kí òun gbé ọwọ́ gba orí kọjá, ọwọ́ òun sì kan etí kejì. Báyìí ni wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí ọdún 1949. Èmi ọmọ tó bí, n kò gbọ́ ìtàn etí yẹn rí.

Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí ó fi ní, “Ìyá, ọmọ mélòó lẹ bí? Mélòó ló wà láyé? Mélòó ló ti kú?” Màmá dákẹ́. Ó ká ìró rẹ̀ mọ́ra, ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Kò jáde mọ́ títí wọ́n fi lọ.

Lálẹ́ ó sọ fún mi pé, “A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Wọ́n wá ní kí èmi fúnra mi máa kà á.”

Àbúrò mi tó wà ní Lugbe ní kí n má jẹ́ kí wọ́n wọlé mọ́, pàápàá torí wọ́n sọ pé àwọn yóò gba ẹ̀jẹ̀. Èmi kò fẹ́ lé wọn. Ojú màmá ti ń ṣú, kì í lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́, èmi náà sì ń fi gbogbo ọ̀sán wà nídìí máṣíìnì. Ọjọ́ yẹn, ẹnìkan jókòó tì í fún wákàtí kan gbáko, ó ń fi gbogbo ara gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fẹ́ fi iye ọmọ tó kú ṣe, nígbà tó jẹ́ pé àgbà ni ìwádìí wà fún? Bí a bá sì kọ ẹ̀jẹ̀, ṣé wọn yóò yọ ọ́ kúrò ni?

Olùkọ́ Gwagwalada

Àǹtí, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ẹ̀kọ́ nípa iye àti ìlera ènìyàn ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ṣe. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ọmọbìnrin yẹn ti kù díẹ̀ káàtó. A kì í kó ìbéèrè yẹn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí wọ́n bá ń ṣe ìwádìí ńlá ti ìlera àti iye ènìyàn, èyí tí NPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí iye ènìyàn ní Nàìjíríà, máa ń ṣe, ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè, lẹ́yìn náà ọmọ tó ń gbé níbòmíràn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ béèrè èyí tí Ọlọ́run gbà.

Ìdí tí a fi ń béèrè ni pé lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n bí tí wọ́n sì sin láìsí ìwé kankan. Ẹnu ìyá ni ìwé wa. Onímọ̀ kan wà tó ń jẹ́ William Brass, ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ló ti fi hàn pé bí a bá mọ iye tí àwọn obìnrin bí àti iye tó kú, a lè ṣírò bí ikú ṣe ń mú ọmọdé tó ní ìlú kan. Ìwádìí ọdún 2018 ní Nàìjíríà sọ pé nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè, 132 ni kì í pé ọdún márùn-ún. Àwọn ìyá ló jókòó tí wọ́n sọ ọ́.

Ní ti àgbà, iye ọmọ tó wà láyé ń sọ ẹni tí yóò tọ́jú wọn. Èyí tó kú náà ní ohun tó ń ṣe sí ara àti ọkàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ọdún 2003 láàárín àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè. Ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ Yorùbá ni wọ́n dé, Kwara àti Kogi wà níbẹ̀, ènìyàn 2,152 ló sì dá wọn lóhùn. Ohun tí wọ́n rí ká mi lára gan-an: nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lára àwọn àgbà yìí ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le ti bá jà nígbà kan láyé wọn. Ìrẹ̀wẹ̀sì tó di àìsàn ni mo ń sọ o, kì í ṣe ìbànújẹ́ ọjọ́ kan.

Ní ti ọdún méjì-méjì, ara ẹni la fi ń wé ara ẹni. Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà ti ń bi àwọn tó lé ní àádọ́ta ọdún ní ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láti 1992. Ọdún yẹn náà ni ìwádìí ti àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń fi àwọn àgbà ibẹ̀ wé àwọn adúláwọ̀ ìlú Indianapolis. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbà, nǹkan bí 3.24 ni àrùn ìgbàgbé ń mú lọ́dọọdún ní Indianapolis, 1.35 péré ní Ìbàdàn. Bí àwọn ìyá Ìdíkàn bá ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́, ta ni ì bá mọ èyí?

Nọ́ọ̀sì Kàdúná

Àǹtí mi, ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀, ìbéèrè yàtọ̀. Màmá lè gba ọ̀kan kó kọ èkejì. Ó lè ní “ẹ fo ìyẹn” sí ìbéèrè tó bá fẹ́, ó sì lè ní kí wọ́n dúró ní àárín, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bínú sí i. Kí wọ́n ka ìwé ìfọwọ́sí náà sí i létí ní Yorùbá kó tó tẹ ìka. Kí ẹ gba ẹ̀dà kan. Nọ́ńbà ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí wọn gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ má tẹ nǹkan kan.

Ẹ má dá àbúrò yín lẹ́bi púpọ̀. Níhìn-ín lápá Òkè Ọya, a kò gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánò ní 1996, nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ tí àrùn yírunyírun ń ṣe dán oògùn wò, tí àwọn òbí sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò là á yé àwọn. Nígbà tí wọ́n gbé oògùn àjẹsára dé lẹ́yìn náà, mélòó ló ṣílẹ̀kùn? Ẹ jẹ́ kó jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ọmọ Ìsánlú, Lọ́kọ́ja

Mo kí gbogbo yín. Èmi ní ẹ̀dùn ọkàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n wá bá bàbá mi bẹ́ẹ̀. Wọ́n wọn gíga rẹ̀, wọ́n ní kó fún irin kan mọ́wọ́ kí wọ́n lè mọ agbára rẹ̀, wọ́n fi nǹkan yẹn dì í lápá wo ìfúnpá rẹ̀. Ẹni tó wò ó kọ ọ́ sínú ìwé ara rẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n fún wa ní ọṣẹ, wọ́n lọ. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, apá àti ẹsẹ̀ kan rọ̀ lára bàbá. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni. Nọ́ńbà yẹn ti wà nínú ìwé ẹlòmíràn, àwa tí à ń bá a jẹun kò mọ̀ ọ́n.

N kò ní kí ẹ lé wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dìde, ẹ ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà ìfúnpá màmá sílẹ̀ fún yín, kí wọ́n sì sọ bóyá ó dára. Ẹ dákun, ẹ má gbàgbé.

Aránṣọ Kubwa

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀gbọ́n Lọ́kọ́ja, Ọlọ́run yóò wo bàbá sàn. Wọ́n wá lánàá, àbúrò mi wá láti Lugbe, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá bí ọlọ́pàá. Ọmọbìnrin yẹn nìkan ló wọlé.

Kí ó tó ṣí fóònù ńlá rẹ̀, mo sọ ohun tí màmá sọ fún mi fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, obìnrin! Ó ní, “Ìyá, ẹ má bínú. Ẹ má kà á mọ́. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pe orúkọ wọn fún mi, bí ẹ kò bá sì fẹ́, a ó fò ó.”

Màmá dákẹ́ pẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀. Ó pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Jos. Ó pe Ọláyínká. Ó ní èéyi ló mú un lọ, lásìkò ọyẹ́, ó ti ń pe òun ní “Màmá” kedere. Ó pe Málọmọ́. Ó pe Kòsọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ló pe Kòkúmọ́, ó nawọ́ sí mi. Ó wá pe àwọn àbúrò mi ọkùnrin méjèèjì.

Láti kékeré ni mo ti mọ ohun tí orúkọ mi túmọ̀ sí. Ẹni méjì ni mo rò pé ó ṣáájú mi lọ. N kò mọ Ọláyínká, torí orúkọ tirẹ̀ kò jọ ti àbíkú, ẹnikẹ́ni kò sì dárúkọ rẹ̀ nínú ilé wa rí. Àbúrò mi tó wá ṣọ́ wọn ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ nu ojú. Ọmọbìnrin yẹn kò kọ nǹkan kan títí màmá fi sọ tán.

Lẹ́yìn ìyẹn, màmá gbà kí wọ́n gún òun ní ìka láti wo ṣúgà, ó kọ ti iṣan apá, wọ́n sì fara mọ́ ọn. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 168 lórí 96. Mo ti lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ara fíríìjì, a ń lọ rí dókítà ní ọjọ́ Ajé.

Láti àárọ̀ ni màmá ti ń bi mí bóyá ọmọbìnrin yẹn náà ni yóò wá lọ́dún méjì òní. Mo ní n ó pè é, n ó béèrè.