Kásẹ́ẹ̀tì ABBA bàbá mi já, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú ilé o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà.

Láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn ABBA, àwọn olórin mẹ́rin ará Sweden tí wọ́n fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn sọ ẹgbẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n gbé àwo tuntun jáde ní 2021, mo jó nínú yàrá títí àwọn ọmọ mi fi ní orí mi ti dàrú. Èmi tí mo máa ń bá ẹgbẹ́ mi jó ní Ojúde Ọba náà ni o!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n wá orin náà lórí fóònù. Ó ti wà níbẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tí bàbá mi gba orin wọn sí gan-an ni mo ń wí. Bàbá mi ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì lọ́jọ́ kan, orin gé, ohùn wọn wọlé: "Ìkọ́kọrẹ́ yẹn ò tíì jinná ni?" Wọ́n wúkọ́, orin padà. Wọ́n ti di olóògbé báyìí, ohùn wọn kan ṣoṣo tó kù nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, rédíò jẹ téèpù náà, ó já nítòsí ibẹ̀ gan-an. Nǹkan funfun kan tún ti hù sí i lára. Ẹnìkan tó ń tún rédíò ṣe ní kí n kó o wá, òun á fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Àyà mi ń já, torí irú rẹ̀ ló ba òmíràn jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé kí n gbà? Ta ló mọ ẹni tó lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ní Ìjẹ̀bú tàbí Ṣàgámù?