Tábúlẹ́ẹ̀tì mi ń fi àmì cháàjì hàn ṣùgbọ́n kì í kún: ṣé bátìrì ni kí n pààrọ̀?

Ìyá Aláró:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn yín ni mo wá gbà. Àdìrẹ ni mo ń ṣe ní Òkè-Baálẹ̀, níbí ní Òṣogbo. Inú tábúlẹ́ẹ̀tì ni mo ń kó gbogbo àwòrán ọnà sí, àti iye ọ̀pá aṣọ tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan béèrè. Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí tí kò gba iná dáadáa mọ́. Tí mo bá ki wáyà bọ̀ ọ́, àmì mànàmáná yẹn á yọ, ọkàn mi á balẹ̀. Mà á fi sílẹ̀ di àárọ̀, tí mo bá jí, kò ní tíì dé ìdajì. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé bí mo bá ń lò ó tí iná wà lára ẹ̀, ńṣe ló ń lọ sílẹ̀. Wáyà náà tún ti ń mì, àfi kí n tẹ̀ ẹ́ sápá kan.

Ẹnjiníà kan gbé e wò, kò tú u, kò fi nǹkan kan dán an wò, ó ní bátìrì ti kú, kí n mú owó wá. Owó tó pè pọ̀. Ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀ ní August, ìgbà yẹn gan-an ni àwọn èèyàn ń wá aṣọ, gbogbo owó ọwọ́ mi ti wà lórí aṣọ funfun àti aró. Ṣé bátìrì ni lóòótọ́?

Bọ̀dá Alékúwodò:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ bátìrì sílẹ̀ ná. Orí cháájà wo lẹ ń lò? Ẹ wo ara ẹ̀, ẹ ó rí ìkọ̀wé wínníwínní kan, OUTPUT. Nọ́ńbà wo ló wà níwájú A?

Ìyá Aláró:
Ọmọ mi ló bá mi kà á, ojú mi ò gbé e. Ó ní 5V, 0.5A. Ti fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni. Tiẹ̀ gan-an sọnù nígbà tí a kó kúrò nílé àkọ́kọ́. Tí kò bá sí iná, ara fìtílà sólà ni mo máa ń so ó mọ́.

Ẹnjiníà Old Garage:
Mà, ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni.

V ni agbára tí iná fi ń tì wọlé, A ni bó ṣe pọ̀ tó. Orí cháájà tó ń bá ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì wá máa ń jẹ́ 5V, 2A, ti àwọn tuntun tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní bátìrì yín jẹ́ 5000mAh, ìyẹn ni pé iná tó lè gbà sínú tó 5A fún wákàtí kan. Bí ẹ bá pa tábúlẹ́ẹ̀tì pátápátá, 0.5A yóò lò ju wákàtí 10 lọ kó tó kún un. Bí ẹ bá wá tan ojú ẹ̀ kó mọ́lẹ̀ rokoṣo, tí ẹ ṣí data, ohun tó ń jẹ lè tó 0.5A yẹn tàbí kó jù ú. Ìyẹn ló ṣe ń lọ sílẹ̀ lójú yín. Àmì mànàmáná kàn ń sọ pé iná kan ń wọlé ni, kì í sọ bóyá ó tó. Fìtílà sólà kékeré náà kì í fún un ní púpọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ihò USB 2.0 lára kọ̀ǹpútà: 0.5A ni tiẹ̀.

Ẹ yá orí cháájà 2A, wáyà yín náà ni kí ẹ fi sí i. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá yá wáyà. Ẹ má pààrọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí bó bá gba iná, ẹ ò ní mọ èyí tó fa wàhálà nínú wọn. Wáyà kúkúrú tó nípọn ni kí ẹ yá. Àwọn gígùn tín-ín-rín tí wọ́n ń tà lórí bárò, ojú ọ̀nà ni iná ń tán sí nínú wọn.

Ọmọ Òkè-Fìà:
Àǹtí, app kan wà tó ń jẹ́ Ampere. Ẹ ṣí i nígbà tí wáyà wà lára ẹ̀, yóò sọ iye mA tó ń wọlé (1000mA ni 1A). Kì í ṣiṣẹ́ lórí gbogbo ẹ̀rọ ṣá.

Tísà:
Láti 2013 tí wọ́n ti pín tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní ìpínlẹ̀ wa ni mo ti ń rí tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé. Ẹnu tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Òwú ló kún tèmi. Abẹ́rẹ́ ni mo fi tú u, ó sì ń ṣiṣẹ́ dòní.

Ẹnjiníà Old Garage:
Tísà, ọ̀rọ̀ òwú yẹn dára gan-an, pàápàá fún ẹni tó ń fi aṣọ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Irin ni, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú ẹnu yẹn ló ń gbé iná. Abẹ́rẹ́ lè so méjì pọ̀ tàbí kó tẹ ọ̀kan.

Mà, ẹ pa á pátápátá, ẹ yọ wáyà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ẹnu ẹ̀. Igi ìtayín ni kí ẹ fi fá ìsàlẹ̀ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀ síta, kì í ṣe irin tó wà láàárín. Òwú tó bá ti pẹ́ á ti le, á ki pọ̀ sẹ́yìn pátápátá, orí wáyà kò sì ní lè wọlé tán. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ máa ń wọ ibẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Wọ́n ní bátìrì tó bá ti rẹ̀, kéèyàn gbé e sínú firísà mọ́jú.

Bọ̀dá Alékúwodò:
Ìyá Ìbejì, ẹ má gbìyànjú ẹ̀ o. Bó bá jáde sínú ooru, omi á sẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Bátìrì lithium, irú tó wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì, ò sì gbọdọ̀ gba iná nígbà tó bá tutù ju 0°C lọ, ó ń bà á jẹ́ nínú. Ooru náà ò dáa. Ẹ má fi sínú oòrùn tàbí sórí tìmùtìmù nígbà tó bá wà lára iná.

Ẹnjiníà Old Garage:
Mo fẹ́ fi èyí kún un: ẹ gbé e sórí tábìlì tó tẹ́jú. Bí ẹ̀yìn ẹ̀ bá wú, tàbí ojú ẹ̀ ń ṣí kúrò lára férémù, ẹ yọ ọ́ lára iná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bátìrì tó wú lè gbiná. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un.

Ìyá Aláró:
Ẹ ṣé gan-an. Kò wú. Òwú tí mo yọ pọ̀, ó ti gba àwọ̀ aró. Mo yá orí 2A lọ́wọ́ àbúrò mi: 18 ló wà, ó ti di 61 kí n tó se oúnjẹ ọ̀sán tán, mo sì ń fi í wo àwòrán lọ́wọ́! Ṣùgbọ́n wáyà ṣì ń mì. Tí mo bá ti gbé e báyìí, iná á já.

Ẹnjiníà Old Garage:
Inú mi dùn. Bátìrì tó gba iná bẹ́ẹ̀ kò tíì kú. Èyí tó ti rẹ̀ máa ń kún tán, á sì já láti 40 sí 5 lójijì. Tó bá jẹ́ micro-USB ni ẹnu ẹ̀, ìyẹn ẹnu kékeré tí apá kan ẹ̀ fẹ̀ ju ìkejì lọ, wáyà ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbó, torí ara wáyà ni ìwọ́ kéékèèké tó ń dì í mú wà. Ẹ fi wáyà àbúrò yín dán an wò.

Ìyá Aláró:
Ó ṣì ń mì.

Ẹnjiníà Old Garage:
Á jẹ́ pé ẹnu ẹ̀ ló tú. Wọ́n lè tún un jó mọ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, kò tó owó bátìrì. Ẹnu cháàjì ni kí ẹ sọ pé ẹ fẹ́ ṣe. Kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, ẹ kó àwòrán yín sórí memory card, kí ẹ sì jókòó tì í.

Ìyá Aláró:
Ṣé kí n gbé e wá bá yín lọ́la?

Ẹnjiníà Old Garage:
Ẹ máa bọ̀ mà, kó tó di ọ̀sán. Ẹ mú orí cháájà àti wáyà méjèèjì dání, ara wọn ni mà á ti dán an wò kí n tó tú u.