Èsì sí àbá "ìfìbọnṣeré": kí ni ká pe ìbọn yíyìn tí kì í ṣe ti ogun tàbí ti ọdẹ?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi nínú iṣẹ́ èdè, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá.

Mo ti fara balẹ̀ ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá lórí ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ àwọn tó ní ìbọn nítorí ìdárayá, ìyẹn àwọn tí wọn kì í ṣe ọdẹ, tí wọn kì í ṣe ológun tàbí ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń gba ìwé-àṣẹ, tí wọ́n ń ra ìbọn, tí wọ́n sì ń lọ sí pápá ní òpin ọ̀sẹ̀ láti yìn ín sí bébà. Ẹ̀gbọ́n ní kí á pe ohun tí wọ́n ń ṣe ní "ìfìbọnṣeré", kí á pe ẹni tó ń ṣe é ní "àtamátàsé", kí á fi "ìpéye" sọ bí ó ṣe mọ̀ ọ́n ta tó, kí á pe ohun tí ìka ń fà ní "ìfàbọn", kí á sì kó gbogbo òfin tó rọ̀ mọ́ ọn sábẹ́ "òfin ìdènà ìbọn". Mo dúpẹ́ pé ẹ̀gbọ́n dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀, nítorí nínú ìròyìn wa, ìbọn kì í sábà wáyé àfi tí ìjà tàbí ìdigunjalè bá ṣẹlẹ̀, èyí sì ti mú kí ọ̀rọ̀ wa lórí rẹ̀ gbẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ máràárùn-ún yìí kò tíì rọ̀ mí lọ́rùn, ti àkọ́kọ́ ló sì ká mi lára jù.

Nínú èdè wa, kí ènìyàn fi nǹkan ṣeré yàtọ̀ pátápátá sí kí ó máa ṣe eré tó jẹ mọ́ nǹkan náà. Agbábọ́ọ̀lù tó wà lórí pápá ń gbá bọ́ọ̀lù ni. Bí a bá sọ pé ó ń fi bọ́ọ̀lù ṣeré, ìbáwí ni, a ní kò fi ọkàn sí ohun tó ń ṣe. A máa ń sọ pé ẹnìkan ń fi iná ṣeré, pé ó ń fi ayé rẹ̀ ṣeré, pé ó ń fi ìlera ṣeré, kò sì sí èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ dáadáa nínú wọn. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n fẹ́ tẹ̀lé "eré ìdárayá", tí kò sí ẹni tó kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ni "eré" níbẹ̀, kò sí "fi" tó ṣáájú rẹ̀, "fi" yìí gan-an ló sì ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. "Má fi ìbọn ṣeré" ni gbólóhùn tí òbí kọ́kọ́ máa ń sọ fún ọmọ nípa ìbọn. Bí ìwé atúmọ̀ bá wá sọ fún ọmọ kan náà pé ìfìbọnṣeré ni orúkọ ohun tí àwọn àgbà tó mọ iṣẹ́ ń ṣe, a ti gba ìkìlọ̀ náà lẹ́nu òbí.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an. Nínú ìdíje ìbọn atẹ́gùn gígùn ti Òlíḿpíìkì, mítà 10 ni olùdíje fi jìnnà sí àmì. Gbogbo òbìrí tó wà lórí àmì náà kò ju mílímítà 45.5 lọ ní ìbú, àárín gbùngbùn tó ń fúnni ní máàkì 10 sì jẹ́ ìdajì mílímítà péré, kò tó orí abẹ́rẹ́ alórí. Ọta tí wọ́n ń yìn sí i jẹ́ mílímítà 4.5 ní ìbú, èyí tó túmọ̀ sí pé ọta náà fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́sàn-án ju ojú ibi tó ń lọ. Ọta 60 ni ẹnìkan máa yìn ní ìpele àṣàyàn. Bí ẹ bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹ ó rí i pé wọ́n á gbé ìbọn sókè, wọ́n á mí jáde, wọ́n á dúró níbi tí èémí ti rọlẹ̀, bí ọwọ́ bá sì gbọ̀n ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á sọ ìbọn kalẹ̀ láìyìn ín, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ìbọn yíyìn wà lára ìdíje Òlíḿpíìkì òde òní àkọ́kọ́ ní Áténì ní 1896, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó o sì ti wà láti 1907. Irú ìfarabalẹ̀ yìí kò yẹ ní "ìfìbọnṣeré" rárá.

Ohun tí mo fi dípò rẹ̀ ni "ìyìnbọnsámì", ìbọn tí a yìn sí àmì. Ó sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe, kò gbé e ga ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì bù ú kù. Ẹnìkan lè béèrè pé àwọn tó ń yìnbọn sí àwo tí wọ́n jù sókè ńkọ́? Àmì ni àwo náà jẹ́, bó tilẹ̀ ń fò. Mo tún fẹ́ "àmì" ju "àfojúsùn" lọ, nítorí pé àfojúsùn ti kúrò lọ́wọ́ wa: ìjọba ní àfojúsùn, ilé-ẹ̀kọ́ ní àfojúsùn, ìgbìmọ̀ ní àfojúsùn, bí a bá sì ní ọta bá àfojúsùn, etí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ìlérí ìjọba. Kí á fi "fojú sùn" sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe fún ohun tí ojú ń ṣe lórí ìbọn, kí bébà náà sì máa jẹ́ àmì.

"Àtamátàsé" kò burú, orí ẹni tí wọ́n ń gbé e lé ni kò tọ́. Oríkì ni, ẹ̀yìn tí ènìyàn bá ti ta tí kò tàsé ni wọ́n ń fi kì í. Ẹni tó gba ìwé-àṣẹ lánàá, tí ọta rẹ̀ kò tíì kan bébà, báwo la ṣe fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù? Kí á máa pè é ní ayìnbọnsámì, kí á sì pe ìmọ̀ tó ń wá ní "ìmọ̀ọ́ta", bí a ṣe ń sọ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, kí àtamátàsé dúró de ẹni tó tọ́ sí i.

Ní ti "ìpéye", ọ̀rọ̀ kan kò lè gbé ohun méjì tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀lé ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí pápá, ọta márùn-ún ni wọ́n fún mi yìn. Nígbà tí a lọ wo bébà mi, ihò máràárùn-ún ṣù jọ sí ìsàlẹ̀ lápá òsì, ìdérí ìgò kan ìbá bò wọ́n mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó dé àárín. Ti ọ̀rẹ́ mi fọ́n yí àárín ká, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan bà á gan-an, méjì jìnnà. Ojú tì mí. Olùkọ́ wa ní kí n má kẹ́dùn, ó ní ọwọ́ mi dúró, awò orí ìbọn ni kò tọ́. Ó yí ìdè awò náà díẹ̀ sókè, díẹ̀ sọ́tùn-ún, ọta mẹ́ta tí mo yìn tẹ̀lé e sì wọ àárín. Èwo nínú àwa méjèèjì ló ní ìpéye kí wọ́n tó tún awò ṣe? Nítorí náà, mo dábàá "ìṣùjọ" fún bí ihò ọta ṣe sún mọ́ ara wọn tó, àti "ìbàmì" fún bí wọ́n ṣe sún mọ́ àárín tó. Ìṣùjọ ni à ń fi mọ ọwọ́ ènìyàn àti ìbọn fúnra rẹ̀. Ìbàmì, a lè fi ìdè awò tún un ṣe. Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì yìí, olùkọ́ lè sọ pé "ìṣùjọ rẹ dára, ìbàmì rẹ ló kù", akẹ́kọ̀ọ́ á sì mọ ohun tó kàn láti ṣe.

Nítorí pé ìṣùjọ ni wọ́n ń fi ìwọ̀n igun wọ̀n, ẹnìkan ti dábàá "ìṣẹ́jú igun" fún ìdá kan nínú ọgọ́ta dígírì, èyí tó tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.9 ní mítà 100. Inú kí ojú ṣẹ́ ni ìṣẹ́jú ti wá, àkókò ló sì ń sọ. Kí á kọ ọ́ ní mínítì igun, kí á tẹ̀síwájú.

"Ìfàbọn" ni mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n jọ̀wọ́ fà sẹ́yìn, nítorí pé a ti ní ọ̀rọ̀ fún un kí á tó bí wa. Àwọn àgbà ní, "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun?" Apátí ni. Èdè tó ti fi ọ̀rọ̀ kan pa òwe kò ní í dá òmíràn dípò rẹ̀ láìnídìí. Ìyẹn nìkan kọ́: òwe náà fúnra rẹ̀ jẹ́ òfin ààbò. Jeff Cooper, ará Amẹ́ríkà tó kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìbọn yíyìn ní ọ̀rúndún ogún, mú òfin mẹ́rin gbajúmọ̀: kí á ka gbogbo ìbọn sí èyí tí wọ́n ti kì, kí á má kọ ẹnu ìbọn sí ohun tí a kò ṣetán láti bà jẹ́, kí ìka má kan apátí títí tí ojú yóò fi wà lórí àmì, kí á sì mọ àmì náà dájú àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Òwe wa ti sọ méjì àkọ́kọ́ pọ̀ nínú gbólóhùn kan. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ ayìnbọnsámì wa pẹ̀lú òwe yìí kí á tó fi ìtumọ̀ òfin àjèjì kọ́ ọ.

Ìṣe tó bá apátí lọ tún ní ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ kí ìwé atúmọ̀ pa mọ́. A lè fà á, a sì lè já a. Ẹni tó fà á ń fi orí ìka kó agbára lé e díẹ̀díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ìbọn yóò dún kí òun fúnra rẹ̀ tó retí i; ẹni tó já a yóò sọ ẹnu ìbọn sísàlẹ̀ kí ọta tó jáde. "O já a" jẹ́ ìbáwí tó péye tó sì kúrú.

Lórí "ọta", mo bẹ̀ yín kí á má jẹ́ kí ó máa gbé ẹrù gbogbo. Ọta ni èyí tó ń fò lọ sí àmì nìkan. Odidi ohun tí wọ́n ń kì sínú ìbọn òde òní, tó ní ìkarahun, ẹ̀tù, ohun tó ń ṣáná sí ẹ̀tù, àti ọta lórí, kátíríìjì ni. Ohun tó ń já bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí ìbọn bá dún kì í ṣe ọta, ìkarahun ni. "Kì" ṣì dára fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń fi ọ̀pá ki ẹ̀tù láti ẹnu ìbọn mọ́ níbẹ̀.

"Òfin ìdènà ìbọn" ti gbè sẹ́yìn ẹnìkan kí àríyànjiyàn tó bẹ̀rẹ̀. Ní Ọsirélíà, lẹ́yìn ìpakúpa Port Arthur ní 1996, àwọn ìjọba ibẹ̀ fohùn ṣọ̀kan pé ẹni tó bá fẹ́ ìwé-àṣẹ gbọ́dọ̀ fi ìdí tó ní ẹ̀rí hàn. Ìdáàbòbò ara ẹni kò sí lára ìdí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyìnbọnsámì wà níbẹ̀. Òfin kan náà ló ti ilẹ̀kùn kan tó sì ṣí òmíràn. "Òfin ìbọn" tó, ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ó le tàbí pé ó rọ̀ lè fi kún un.

Ọ̀rọ̀ "ẹ̀tọ́" gba ìṣọ́ra ju èyí lọ. Ní Amẹ́ríkà, àtúnṣe kejì sí ìwé òfin wọn, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1791, sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ láti tọ́jú ìbọn àti láti gbé e, ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì yìí kò sì kéré: ní 2008 ni ilé-ẹjọ́ wọn tó ga jùlọ sọ pé ẹnìkọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti tọ́jú ìbọn sílé fún ìdáàbòbò ara, ó sì di 2022 kí ó tó sọ pé ẹ̀tọ́ náà kan gbígbé e jáde. Bí a bá fi "níní ìbọn" túmọ̀ méjèèjì, ọdún mẹ́rìnlá ti sọnù nínú ìtumọ̀ wa. Ní Bìrìtéènì ẹ̀wẹ̀, ọlọ́pàá ló ń fúnni ní ìwé-àṣẹ, a sì gbọ́dọ̀ sọ ìdí. Lẹ́yìn ìpakúpa Dunblane ní 1996, òfin 1997 gba ìbọn ìléwọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ará ìlú, títí kan ti àwọn tó ń fi í díje. Àṣẹ ni ti ibẹ̀, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Ẹ má jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ ìlú méjèèjì.

Ní ti ohun èlò, méjì péré. Ìró ìbọn púpọ̀ jùlọ ju dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 140 lọ, ó sì lè ba etí jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wọ pápá láìbo etí. Orúkọ tí wọ́n dábàá fún ohun tí a fi ń bo etí, "adítí", fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí adití létí, kò sì yẹ kí ohun tó ń gbà wá lọ́wọ́ dídi etí máa jẹ́ orúkọ adití. "Ìbòtí" ni mo fara mọ́. Èkejì ni ohun tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu ìbọn, tí àbá pè ní "amúbọndákẹ́". Ìbọn náà kì í dákẹ́, ìró rẹ̀ ló ń dín kù, nítorí náà "adínró".

Ọ̀kan ṣẹ́kù tí mi ò tíì yanjú, mo sì fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé ọdẹ. Àwọn ayìnbọnsámì máa ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí ṣe ìdánrawò láìsí kátíríìjì nínú ìbọn, wọ́n á fojú sùn, wọ́n á fa apátí, wọ́n á máa wò bóyá ẹnu ìbọn mì. A kò lè pè é ní ìbọn yíyìn, nítorí kò sí ohun tó dún. "Ìfàpátí lófìfo" ni mo kọ sí ìwé mi fún ìgbà díẹ̀. Bí àwọn baba yín bá ní ọ̀rọ̀ fún dídán apátí wò kí wọ́n tó ki ẹ̀tù, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ránṣẹ́, n ó sì pa tèmi rẹ́.