Báwo lẹ ṣe ń mọ wọ́tàmẹ́lọ̀n tó dùn?

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará wa. Wọ́tàmẹ́lọ̀n tí mo rà lánàá, omi lásán ni. Ẹnì kan ní kí n máa ra abo, pé èyí tó rí roboto ni abo, èyí tó gùn ni akọ. Ṣé òótọ́ ni?

Bọ̀dá Houston:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Irọ́ gbuu ni. Orí ìtàkùn kan náà ni òdòdó akọ àti abo ti ń yọ, abo nìkan ló sì ń di èso. Irú èyí tí wọ́n gbìn ló ń sọ bóyá á gùn tàbí á rí roboto.

Ojú ibi tó fi sùn lé ilẹ̀ lóko ni kẹ́ ẹ wò. Bí ibẹ̀ bá pupa rúsúrúsú, ó pẹ́ lórí ìtàkùn. Bó bá funfun, ẹ dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un. Kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ téèyàn ń gbé sílé kó pọ́n o: bí wọ́n bá ti já a, adùn rẹ̀ ò lè lé sí i mọ́.

Ẹ tún gbé méjì tó tóbi bákan náà, kẹ́ ẹ mú èyí tó wúwo jù. Èyí tára rẹ̀ ń dán gbinrin kì í sábà gbó.

Àǹtí Peckham:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mà sọ ti gbígbá! Ìyá mi kì í sanwó láìfọwọ́ gbá a. Bó bá dún kíkankíkan, kò tíì gbó. Bó bá dún gbùn-ùn, ẹ rà á.

Bọ̀dá Houston:
Àbúrò, ta ló fẹ́ gbọ́ gbùn-ùn nínú ariwo ṣọ́ọ̀bù? Ojú ni mo gbà gbọ́ ní tèmi.

Àǹtí Peckham:
Ẹ rọra o, etí ìyá mi ò purọ́ rí! Ìyá Ìbejì, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ máa rà á, nígbà tí ti Sípéènì bá pọ̀ lọ́jà. Nígbà òtútù, ọ̀pọ̀ ń ti Bùràsílì wá, ó sì máa ń wọ́n. Bó bá jẹ́ ààbọ̀ tí wọ́n fi nílọ́ọ̀nù wé, ẹ wá èyí tínú rẹ̀ pupa dáadáa. Kóró funfun wẹ́wẹ́ inú èyí tí wọ́n ń pè ní aláìníkóró kì í ṣe àmì àìgbó.

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé inú fíríìjì ni kó máa wà?

Bọ̀dá Houston:
Odindi lè wà níta. Èyí tẹ́ ẹ bá ti gé ni kẹ́ ẹ gbé sí fíríìjì. Ẹ fọ èèpo rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé e, torí ọ̀bẹ á kó ìdọ̀tí ara rẹ̀ wọnú.