Ìdáhùn: "ìsẹ́ àtọ̀sí" kọ́ ni kí á pè é

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làákàyè. Ẹ ní kí á máa pe àyẹ̀wò àrùn ìbálòpọ̀ tí wọ́n ń ṣe fáwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọ àtìmọ́lé l'Amẹ́ríkà ní "ìsẹ́ àtọ̀sí", bí ẹni ń sẹ́ ògì. Ó dùn létí, àmọ́ kò bọ́ sí i.

Ẹni tó ń sẹ́ ògì ń wá eérí tó máa yọ kúrò ni. Ta wá ni eérí níbí? Ọmọ tí ọlọ́pàá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bi pé ṣé òun ló jalè, ohun mìíràn ni yóò gbọ́ nínú "sẹ́".

Àtọ̀sí gan-an ló le jù. Ohun tójú rí làwọn àgbà fi sọ ọ́ lórúkọ: ìtọ̀ ń ta èèyàn, nǹkan ń kán. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń pe ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ tí à ń kó nínú odò ní àtọ̀sí ajá, bẹ́ẹ̀ kò kan ìbálòpọ̀ rárá. Chlamydia, àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn tí àyẹ̀wò yìí ń wá, ń kọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tó ní in kì í rí àmì kankan, ó sì lè ba ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ jẹ́. Nítorí irú wọn ni CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdènà àrùn, ṣe ní kí wọ́n yẹ obìnrin tí kò ju ọdún 35 lọ àti ọkùnrin tí kò tíì pé 30 wò ní kété tí wọ́n bá wọ àhámọ́, àfi ẹni tó bá kọ̀. Ọmọ tí nǹkan kan ò kán lára rẹ̀, tó bá rí "àtọ̀sí", á ní kò kan òun.

"Àyẹ̀wò àtètèmọ̀" lèmi fara mọ́. "Ìwádìí" tí ẹnì kan dábàá lánàá, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún ọlọ́pàá. Ẹ má sì kọ "ẹ̀wọ̀n": ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí ṣì ń dúró de adájọ́ ni.

Ibi tó há mi lọ́fun rèé. Nọ́ọ̀sì tiwa sábà máa ń ní ká tọ̀ díẹ̀ dànù ká tó gbé ike sí i. Ìtọ̀ tí wọ́n ń gbà fún àyẹ̀wò yìí kò rí bẹ́ẹ̀: èyí tó kọ́kọ́ já ni wọ́n ń fẹ́, ọmọ ò sì gbọ́dọ̀ tíì tọ̀ láti wákàtí kan sẹ́yìn. Mo pe ìtọ̀ àkọ́já yìí ní "orí ìtọ̀" nínú ìwé tí mò ń túmọ̀, ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí. Ta ló ní èyí tó sàn jù?