Ẹ gbà mí o, mo ti mu oògùn ìfọnú, inú ò ṣí!

Ọmọ Àdùkẹ́: Ẹ̀yin ará ilé, aago 9 àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n fẹ́ fi kámẹ́rà wo ìfun mi. Láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti mu ìdajì oògùn yẹn, inú mi ò tilẹ̀ kùn. Ṣé kí n kúkú da ìyókù mu? Mi ò sì tíì rí ẹni tó máa gbé mi wálé.

Bọ̀dá Jídé, Houston: Má dán an wò! Èmi mu gbogbo ẹ̀ tán lálẹ́ kí n lè ráyè sùn. Ilẹ̀ mọ́, dókítà ní ìfun mi dọ̀tí, òun ò rí nǹkan kan. Mo tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, mo tún sanwó.

Ìyá Ìbejì: Bọ̀dá, ẹ̀pà tẹ́ ẹ jẹ lọ́jọ́ tó ṣáájú ńkọ́?

Bọ̀dá Jídé, Houston: Ẹ̀pà ẹyọ mélòó!

Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́: Ẹyọ mélòó kẹ̀? Ẹ̀pà àti èso oníhóró, ó yẹ kéèyàn ti jìnnà sí wọn fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ṣùgbọ́n oògùn àmután yẹn náà burú. Ìdajì kejì ló ń fọ ohun tó bá tún ṣàn wálẹ̀ lóru, wákàtí 4 sí 6 ṣáájú àyẹ̀wò ni wọ́n sábà máa ń ní kéèyàn mu ún. Àbúrò, ìdájí nìyẹn. Ti ẹlòmíì máa ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Máa rìn nínú ilé, máa mu omi, kó o sì pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé tí wọ́n fún ẹ. Má mu ohunkóhun tó pupa, ó máa ń jọ ẹ̀jẹ̀ nínú kámẹ́rà.

Ìyá Ìbejì: Tó o bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, béèrè o. Ọkọ mi dá tiẹ̀ dúró fúnra ẹ̀, díẹ̀ ló kù kí dókítà gbá a létí.

Láídé, London: Wíwálé kẹ̀? Atẹ́gùn apàrora ni mo fà símú níbí, wọn ò kùn mí lóorun, ojú mi là kedere. Mo sinmi díẹ̀, mo wakọ̀ mi lọ.

Bọ̀dá Jídé, Houston: Ẹ̀yin London, ìyà ti mọ́ yín lára! Oorun gidi ni wọ́n fi kùn mí. Kí n tó lajú, wọ́n ti gé kókó kékeré kan kúrò nínú ìfun mi.

Láídé, London: Kẹ́ ẹ wá máa wá ẹni tó máa fà yín lọ́wọ́ wálé bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ dá wọ takisí.

Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́: Òótọ́ ni. Ẹni tí wọ́n bá kùn lóorun ò gbọdọ̀ wakọ̀ títí dọjọ́ kejì.

Ìyá Ìbejì: Tó bá jẹ́ ilé ni, àwọn àǹtí ì bá ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, dókítà ò ní rí ọ̀nà kọjá.

Láídé, London: Àárò ìyá mi sọ mí. Ì bá ti máa bi nọ́ọ̀sì pé ọmọ ta ni.

Bọ̀dá Jídé, Houston: Kó o tó jí, ó ti bá a wá ọkọ.